Yíyan Ìtò-Ìwífún fún Pàṣípààrọ̀ láàrin Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè yan ìtò-ìwífún tí ètò kọ̀ǹpútà kan yóò lò láti bá èkejì ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun tí a pè ní ìtò-ìwífún ni ìlànà tí a fi to ìwífún sínú fáìlì, kí ètò tí yóò kà á lè mọ ibi tí ohun kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. A kò pè é ní àtẹ, nítorí pé gbogbo àtẹ ni ìtò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtò ni àtẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan onímọ̀ èdè gan-an. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí kì í dúró lójú kan: láti inú ètò tí a fi kó o jọ ni yóò ti bọ́ sínú èyí tí ògbufọ̀ ń lò, kí ó tó dé inú èyí tí ó ń to ojú ìwé fún ìtẹ̀jáde. Bí àmì ohùn bá sọnù lójú ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè fi ìyàtọ̀ sáàárín igun tí í ṣe ti ìṣirò àti igún tí í ṣe ẹyẹ mọ́.

Ìtò mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò.

(a) CSV. Àtẹ ni èyí. Ọ̀rọ̀ kan ń gba ìlà kan, kọ́mà ni ó sì ń pààlà sáàárín òpó kan àti èkejì. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́ kí ìwé ìlànà RFC 4180 tó ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2005. Àpẹẹrẹ:

igun,"àyè tí ó wà láàrin ìlà méjì, níbi tí wọ́n ti pàdé"

Bí a bá yọ àmì àyọlò tí ó yí ìtumọ̀ yìí ká, kọ́mà inú rẹ̀ yóò dá a sí méjì, òpó méjì yóò sì di mẹ́ta. Bákan náà, CSV kò fi ìyàtọ̀ hàn láàrin nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀: bí àmì ìdánimọ̀ ìwé kan bá jẹ́ 007, ètò mìíràn lè kà á sí 7 lásán.

(b) JSON. Ìwé ìlànà RFC 4627, tí Douglas Crockford kọ ní 2006, ṣàlàyé rẹ̀. Àpẹẹrẹ:

{"ọ̀rọ̀": "igun", "ìtumọ̀": ["àyè láàrin ìlà méjì tí ó pàdé", "kọ̀rọ̀ ilé"]}

Níhìn-ín, ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ìtumọ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ púpọ̀, láìjẹ́ pé a tún ohunkóhun tò. "007" tí ó wà láàrin àmì àyọlò ń jẹ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fi àyè sílẹ̀ fún àkíyèsí tí ẹni tí ó kọ fáìlì lè fẹ́ ṣe fún ẹni tí yóò kà á.

(d) XML. Àjọ W3C fọwọ́ sí i ní oṣù kejì ọdún 1998. Àpẹẹrẹ:

<àpẹẹrẹ>Wọn <ọ̀rọ̀>igun</ọ̀rọ̀> yìí.</àpẹẹrẹ>

Agbára rẹ̀ ni pé ó lè sàmì sí ọ̀rọ̀ kan láàrin gbólóhùn láìfọ́ gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́. Lórí rẹ̀ ni a gbé TBX kà, ìtò tí a ṣe fún pàṣípààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí, tí ó di ISO 30042 ní 2008, tí a sì tún ṣe ní 2019. Àléébù rẹ̀ ni gígùn, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Unicode ni ó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀. Nínú rẹ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. A lè fi nọ́ńbà méjì kọ ẹ́: ti ẹ àti ti àmì ohùn òkè. A sì lè fi mẹ́ta kọ ọ́: ti e, ti àmì abẹ́ rẹ̀, àti ti àmì ohùn òkè. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ètò tí ń wá ọ̀rọ̀ lè sọ pé òun kò rí èyí tí ó wà níwájú òun gan-an.

Ibí yìí ni ìtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra jù. Fáìlì XML lè sọ ní ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ìlànà tí a fi kọ lẹ́tà inú rẹ̀. Fún JSON, RFC 8259 ti 2017 pàṣẹ UTF-8 fún ìwífún tí a ń fi ránṣẹ́ síta. Fáìlì CSV kò sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ni yóò sọ ọ́. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó pàṣẹ bóyá nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta ni kí a fi kọ ẹ́. Àdéhùn ni èyí yóò jẹ́ láàrin àwọn tí ó ń ṣe pàṣípààrọ̀.

Ní ìkádìí, CSV tó fún àtẹ tí ènìyàn yóò fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò. JSON dára jù nígbà tí ètò àti ètò nìkan bá ń bára wọn sọ̀rọ̀. XML ni ó tọ́ sí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó ní gbólóhùn àpẹẹrẹ. Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí a kọ àdéhùn mọ́ ọn pé UTF-8 ni a lò, àti pé ìlànà NFC, tí ó ń fi nọ́ńbà méjì kọ ẹ́, ni a tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ránṣẹ́: igun, igún, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Bí wọ́n bá lọ tí wọ́n sì padà dé láìyingin, a lè fi gbogbo àkójọ náà tẹ̀ lé wọn.