Ọyàn Ti Tó Ọmọ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

LẸ́TÀ: Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Níbi tí mo bí i sí, wọ́n ní ọyàn nìkan ni kí n máa fún un, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní òùngbẹ yóò gbẹ ọmọ nínú oòrùn yìí, pé omi gbígbóná àti àgbo làwọn fi wo àwọn ọmọ tàwọn. Ọmọ náà sì ń ké lálaalẹ́. Mo fẹ́ padà sí ìsọ̀ mi l'Ọjà'ba lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ọmọ, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọmọ, ẹ kú ewu o. Ẹ má fún un lómi. Ọyàn yín tó o títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wí.

Bí a bá pín omi ọyàn sí ọ̀nà 100, ó tó 87 nínú rẹ̀ tó jẹ́ omi. Bí oòrùn bá mú, ọmọ yóò kàn máa fà á lemọ́lemọ́ ni. Ikùn rẹ̀ kéré: omi tí ẹ bá fún un, ààyè ọyàn ló gbà, ọyàn tí ọmọ kò bá sì fà dáadáa yóò dín kù. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa sọ pé ọyàn ìyàwó kò tó. Omi ọ̀hún ńkọ́? Láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnka, kànga àti ṣáláńgá kì í jìnnà síra nínú agboolé. Ìgbẹ́ gbuuru tí àgbà lè fara dà máa ń pa ọmọ ọwọ́.

Ní ti àgbo, rírọ ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀yin náà ti rí i: ìyá àgbà á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, á máa da àgbo sí i. Bí ọmọ bá kọ̀, wọn á di í nímú kó lè gbé e mì. Níbi tó ti ń wá èémí, àgbo lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó bá kú bẹ́ẹ̀, àjẹ́ ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Láti 1953 ni Derrick Jelliffe, dókítà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ti kọ̀wé nípa bí a ṣe ń bọ́ ọmọ nílùú yìí. Ó yẹ kí a ti fi rírọ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹkún alẹ́ kì í ṣe ebi nígbà gbogbo. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ máa ń ké jù, yóò sì rọlẹ̀. Ṣé ó ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́? Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè nínú káàdì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ń yó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń gbá ọmú mú: kì í ṣe orí ọmú nìkan ló yẹ kó wọ ẹnu rẹ̀, àti dúdú tó yí i ká, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan ọyàn.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ pọ̀n ọ́n lọ bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fún ọyàn sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n fi ife kékeré máa fún un, nítorí fídà ṣòroó fọ̀ mọ́. Kí ọyàn inú ife náà má kọjá wákàtí mẹ́rin. Bí ooru bá mú, kó má tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ yín kò fẹ́ ibi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ má bá a jiyàn lójú àwọn ará ilé. Ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé yín lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Kó máa wẹ ọmọ, kó máa se ọbẹ̀ fún yín. Omi tó fẹ́ fún ọmọ, ẹ̀yin ni kó máa bù ú fún. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ̀kọ ìyá ọkọ yín yóò wúlò, pẹ̀lú ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà lílọ̀ nínú rẹ̀, kí ọyàn sì máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, tí kò fa ọyàn mọ́, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ má dúró de àgbo ẹnikẹ́ni: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.