Ẹ Ka Nọ́ńbà Ara Bíárì Kí Ẹ Tó Rà Á

Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ọkọ̀ tó ti pẹ́ ló ń gbé gbágùúdá, tòmátì àti àgbàdo wa lọ sí ọjà. Àwa náà a sì jókòó sórí ẹrù. Peugeot 404 bàṣé jẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Peugeot 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Wọn kò ṣe é mọ́. Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ àtijọ́ báyìí, wọ́n lè mú ti ọkọ̀ mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bíárì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni, tí wọn kò sì ṣe é dáadáa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yọ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ni bíárì?

Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ni a ń sọ níbí. Irin tó wà láàárín rẹ̀, tí a fi nọ́ọ̀tì de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, ni họ́ọ̀bù. Họ́ọ̀bù ní ihò láàárín. Irin kan wọ inú ihò náà. Irin yìí kì í yí. Họ́ọ̀bù ló ń yí lórí rẹ̀. Bíárì ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn kan ń pè é ní rulumáǹ.

Bíárì ní òrùka méjì: ńlá lóde, kékeré nínú. Láàárín òrùka méjèèjì ni àwọn irin kéékèèké tó ń yí wà. Ti àwọn kan rí róbótó bí ọmọ ayò. Ti àwọn mìíràn gùn díẹ̀, orí wọn kan sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ. Gírísì ni kì í jẹ́ kí irin ha irin.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́?

1. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ké bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ ata lórí ọlọ.
2. Bí ọkọ̀ bá dúró, họ́ọ̀bù kan a gbóná ju èkejì lọ. Ẹ rọra sún ọwọ́ mọ́ ọn, kó má jó yín. Bíréèkì tó há náà lè fa irú ooru yìí.
3. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ fi igi ńlá ti abẹ́ ọkọ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ náà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń yẹ̀, ẹ pe mẹkáníìkì. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Báwo ni a ṣe ń ka nọ́ńbà rẹ̀?

Ẹ nu ara òrùka bíárì dáadáa. Ẹ ó rí nọ́ńbà lára rẹ̀. Ká ní 6205 ni. Ẹ mú méjì tó kẹ́yìn: 05. Ẹ ka 5 lọ́nà 5. Ó di 25. Ihò inú bíárì náà jẹ́ mìlímítà 25. Bí ó bá jẹ́ 6204, 5 lọ́nà 4 ni, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Bí irú nọ́ńbà yìí bá parí sí 04 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń kà á báyìí. Bí nọ́ńbà mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn bíárì náà.

Ṣùgbọ́n ihò nìkan kò tó. Ẹ wo 6205 àti 30205. Ihò àwọn méjèèjì jẹ́ 25. Fífẹ̀ wọn lóde jẹ́ 52. Síbẹ̀, nínípọn 6205 jẹ́ 15, ti 30205 sì ju 16 lọ. Irin róbótó ló wà nínú 6205. Irin gígùn ló wà nínú 30205, méjì irú rẹ̀ ló sì ń kọjú síra nínú họ́ọ̀bù. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ó wọ̀ ọ́, ó ti tó."

Bí a kò bá rí èyí tó bá a mu ńkọ́?

Ẹ má gbà kí wọ́n fi páànù agolo wé irin kí bíárì lè fún. Páànù náà a fàya, òrùka inú a máa yí lórí irin, gbogbo rẹ̀ a gbóná, a sì jẹ irin náà. Ẹ má sì gbà kí jórinjórin jó bíárì mọ́ irin. Iná ń ba líle bíárì jẹ́.

Ọ̀nà méjì ló dára jù. Èkíní, kí wọ́n mú họ́ọ̀bù, irin rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀ pọ̀ láti ara ọkọ̀ kan náà tó jẹ́ irú tiyín. Èkejì, kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ṣe òrùka irin líle tó bá ìwọ̀n mu gẹ́lẹ́, kó sì fún dáadáa.

Bí wọ́n bá ń dè é

Iyanrìn ni ọ̀tá bíárì. Kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí aṣọ mímọ́. Kí wọ́n fọ gírísì àtijọ́ kúrò, kí wọ́n ki tuntun sáàárín àwọn irin kéékèèké náà. Bí ó bá jẹ́ irú 30205, kí wọ́n máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí wọ́n ti ń fún nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, títí ẹsẹ̀ yóò fi máa yí wẹ́rẹ́ láìyẹ̀. Kí wọ́n fi píìnì tuntun dè é kí nọ́ọ̀tì má baà tú. Ìṣó kì í ṣe píìnì.

Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́ láìgbé ẹrù, láìgbé ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fọwọ́ kan họ́ọ̀bù, kí ẹ sì mì ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ bá awakọ̀ yín lọ sí ọjà bíárì. Ẹ bá a ka nọ́ńbà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìbéèrè

1. Nọ́ńbà 6206 wà lára bíárì kan. Mìlímítà mélòó ni ihò rẹ̀?
2. Kí ló dé tí páànù agolo kò fi dára?
3. Ní abúlé yín, ta ló ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò kí ọkọ̀ ọjà tó gbéra?