ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ṣé bẹ́líìtì lè na ẹ̀yìn àgbàlagbà tó ti tẹ̀?

Kò sẹ́ni tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún gbọọrọ. Nínú fọ́tò eegun, ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń yọ sẹ́yìn díẹ̀ níbi àyà, ní nǹkan bíi dígírì 20 sí 45. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń kọminú.

Ọmọ tó ṣì ń ga ni bẹ́líìtì ẹ̀yìn ń ràn lọ́wọ́ jù. Ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, Walter Blount àti Albert Schmidt ṣe irú kan ní nǹkan bí ọdún 1945, tó gùn láti ìbàdí dé ọrùn. Eegun tó ń dàgbà lè tẹ̀lé e. Ti àgbàlagbà ti yi, kò sí bẹ́líìtì tó lè tún un mọ. Èyí tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kàn ń fa èjìká sẹ́yìn ni; ẹ bọ́ ọ báyìí, èjìká á padà síbi tó wà. Ó lè rán ẹni tó tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà létí kó nàró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ̀yìn náà bá ṣì ń nà téèyàn bá dùbúlẹ̀, eré ìdárayá tó ń mú iṣan ẹ̀yìn le ló yẹ.

Àwọn ìyá àgbà tí eegun wọn ti ṣófo, tó sì ti fọ́, yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004, àwọn tó lo bẹ́líìtì pàtàkì kan fún oṣù 6 ní iṣan tó le sí i, ìtẹ̀ ẹ̀yìn wọn sì dín kù.

Ẹ̀yìn tó ṣàdédé yọ gańgan, tó ń dunni, tí ibà sì ń bá a rìn, ọsibítù ló kàn: ikọ́ ife máa ń wọ eegun ẹ̀yìn.