Ìdí Tí Òǹkà Sẹ́ńsọ̀ Ìjìnnà Kì Í Fi Dúró Lójú Kan

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan láti ìlú Oǹdó fẹ́ mọ ìdí tí sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 tí wọ́n so mọ́ Arduino, láti fi wọn omi inú táǹkì, fi ń sọ òǹkà tó ń fò sókè sódò.

Ìdáhùn: Kí olùbéèrè fọkàn balẹ̀, nítorí kì í sábà jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ti bàjẹ́. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni ó ń rán jáde. Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀, yóò ka àkókò tí ìró náà fi lọ tó fi bọ̀, yóò fi ìyára ìró sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n bí ìró náà ti ń lọ ni ó ń fẹjú, nítorí náà, bí táǹkì bá tóóró, ògiri rẹ̀ lè dá ìró padà ṣáájú omi. Ohun tó bá sì sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ kò ṣeé wọ̀n rárá.

Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dojú sẹ́ńsọ̀ kọ ògiri títẹ́jú ní mítà kan, kí wọ́n rí i pé iná fólìtì 5 ni ó ń gbà, kí wọ́n wá gbé e sí àárín gbùngbùn ìdérí táǹkì, kí ètò kọ̀ǹpútà náà sì máa ka òǹkà márùn-ún, kí ó mú èyí tó wà láàárín. Ooru náà ní ipa tirẹ̀: mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, bá ìgbóná 20°C mu, ṣùgbọ́n ọ̀sán Àkúrẹ́ àti Oǹdó sábà máa ń kọjá 30°C, níbi tí ìró ti ń sáré tó nǹkan bíi mítà 349.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa tan pọ́ǹpù omi tó ń lo iná ìjọba, kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná láti so apá yẹn.