Ọmọlanke Oníná Tí Ń Fa Tírélà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a gbé ka orí tírélà, tàbí yàrá onítáyà tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń sùn sí nígbà ìsinmi. Kì í ṣe tírélà ràgàjì tí ń kó àpò sìmẹ́ńtì, èyí tí ọkàn ọmọ Yorùbá máa ń lọ sí bí ó bá gbọ́ orúkọ náà, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Tírélà kékeré yìí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní ìjókòó awakọ̀. Irin gígùn kan ni ó yọ síwájú rẹ̀ bí ọrùn, wọn a sì fi ìparí ọrùn náà kọ́ bọ́ọ̀lù irin tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fà á lọ lójú títì, kò sí ìyọnu. Ìgbà tí ó bá délé ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọn yóò gbé e sí lè jẹ́ ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri ilé àti ọgbà, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ti ní àyè láti yí padà. Wọn a tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, wọn a sì fi ọwọ́ tì í. Bí tírélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ bá wọn 1,000 kílò, tí ilẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì títẹ́jú, tí táyà sì kún fún afẹ́fẹ́, ipá tí ó tó 20 kílò lè mú un rìn. Ọkùnrin kan lè ṣe èyí láìlàágùn púpọ̀. Lórí koríko rírọ̀, ipá náà lè di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ilẹ̀ bá sì gòkè ní mítà 1 nínú mítà 10, ipá 100 kílò mìíràn ni a ó fi kún un, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tírélà náà ni yóò máa wọ́ ọ padà sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára ọkùnrin méjì máa ń tán. Ibẹ̀ náà ni tírélà ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó sì ń há ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ògiri.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wà tí ń ta ẹ̀rọ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ irin jó máa ń ṣe tiwọn fúnra wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju ọmọlanke kékeré kan lọ: irin tí a jó pọ̀, táyà méjì, bátìrì, ẹ̀rọ iná tí ń yí, ọwọ́ gígùn tí ènìyàn yóò dì mú, àti bọ́ọ̀lù irin lórí rẹ̀ tí ọrùn tírélà yóò jókòó lé.

Ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí a máa rò pé bí ẹ̀rọ náà bá ti tóbi tó ni iṣẹ́ yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ìṣirò rẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ kan bá ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì so ó mọ́ táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà láìsí nǹkan kan láàárín, ọmọlanke náà yóò máa sáré ju 110 kílómítà lọ ní wákàtí kan, bí ó bá lè mira rárá. Kò sì ní lè mira, nítorí ìyára ni gbogbo agbára rẹ̀ bá lọ, kò ku èyí tí yóò fi fa ẹrù.

Ṣéènì ni ó ń tún èyí ṣe. Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé irin eléyín ńlá ni ẹsẹ̀ ń yí, kékeré sì ni ó wà lára táyà ẹ̀yìn; ẹsẹ̀ a yí lẹ́ẹ̀kan, táyà a yí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyára ni ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ń rà, agbára ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń sanwó rẹ̀. Lára ọmọlanke yìí, òdìkejì ni. Irin eléyín 10 tí ń fa eléyín 50 yóò sọ ìyára di ìdá kan nínú márùn-ún. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó di ìdá kan nínú 25. Lẹ́ẹ̀kẹta, eléyín 10 fa eléyín 30, ó di ìdá kan nínú 75. Nígbà náà, táyà yóò máa yí ní ìgbà 20 péré ní ìṣẹ́jú kan, ọmọlanke yóò sì máa rin nǹkan bí mítà 25 láàárín àkókò náà. Ẹsẹ̀ arúgbó yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ipá rẹ̀ ti di ìlọ́po 75, àfi díẹ̀ tí ìfarakanra irin bá jẹ níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sì tún máa ń wọ́ tírélà gòkè.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ṣéènì kò lè ṣe. Táyà kò lè fa ẹrù ju bí ó ti di ilẹ̀ mú lọ. Lórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ, nínú gbogbo kílò 10 tí ó bá tẹ táyà mọ́lẹ̀, nǹkan bí 6 ni táyà náà lè fi fà. Lórí koríko tútù, ó lè má tó ìdajì èyí. Bí ọmọlanke bá wọn 60 kílò, tí ọrùn tírélà sì fi 100 kílò tẹ̀ ẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160, ipá tí ó lè fi fà kò sì ju 96 kílò lọ. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ń béèrè nǹkan bí 127 kílò. Bí ẹ̀rọ ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù, táyà yóò kàn máa yí lójú kan ni, yóò sì máa gbẹ́ ilẹ̀. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe agbára, ìwúwo ni. Bí a bá di bátìrì kejì àti irin tí ó tó 80 kílò lé ọmọlanke náà, yóò lè fi ipá 144 kílò fà, nígbà tí òkè náà ń béèrè nǹkan bí 137. Nítorí èyí ni àwọn ọkọ̀ kúkúrú tí ń ti bàálù ní pápákọ̀ òfurufú fi wúwo tó bẹ́ẹ̀; àwọn mìíràn nínú wọn ju 40 tọ́ọ̀nù lọ.

Bí wọ́n ti ń di ẹrù sí tírélà kan èyí pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, wọn a máa jẹ́ kí ọrùn gba ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n tírélà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 5 sí 7 ni. Nítorí náà, ọmọlanke tí ó ṣiṣẹ́ dáradára lọ́hùn-ún lè máa yọ̀ níhìn-ín.

Ní ti ẹ̀rọ tí yóò máa yí i, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan a lo ẹ̀rọ tí a fi ń wọ́ ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gbóná, kò ṣe é lò pẹ́. Èyí tí ó dára jù ni ẹ̀rọ ara kẹ̀kẹ́ oníná tí àwọn tí kò lè rìn máa ń jókòó sí. Méjì ni wọ́n sábà máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ kan, táyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ọmọlanke lè yí lójú kan, láìfi táyà wọ́ ilẹ̀. Jíà wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, èyí tí ó dín iṣẹ́ ṣéènì kù, bíréèkì sì wà lára wọn tí ń di irin mú nígbà tí iná bá kúrò. Gbogbo agbára tí ó ń gun òkè náà kò tó ti ẹṣin kan, èyíinì ni wáàtì 746. Ti ọ̀kadà pọ̀ jù ú lọ dáadáa.

Ìdúró ṣòro ju ìrìn lọ. Tírélà tí a ti tú kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní ẹni tí ń tẹ bíréèkì rẹ̀ mọ́. Nítorí náà bọ́tìnnì ọmọlanke gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí rẹ̀ nìkan. Bí ẹni tí ó mú un bá ṣubú, iná a kú, bíréèkì a dè. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà létí bátìrì, wáyà sì gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí tín-ín-rín yóò gbóná títí yóò fi jó. Kí a tó tú ọrùn tírélà sílẹ̀, a ó ti fi igi tàbí òkúta di táyà rẹ̀ níhà ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹni tí ń darí rẹ̀ yóò wà, kì í ṣe àárín tírélà àti ògiri, bí ó ti wù kí àyè náà há tó. Tírélà òfìfo ni wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ dán an wò, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n tó mú un dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan.

Nígbà òtútù, tí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ ojú omi pamọ́ fún oṣù mélòó kan, bátìrì ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Èyí tí iná kún inú rẹ̀ lè fara da òtútù líle, ṣùgbọ́n omi inú èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀ máa ń di yìnyín, ara rẹ̀ a sì là.