Ìwé Ìran Ológbò: Ẹ̀kọ́ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Sin Ológbò Ẹlẹ́yà

Tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan ń sin ológbò, eku ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sin ológbò nítorí ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ibi ìdíje. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ìran ẹran rẹ̀.

Ìdíje ológbò
Ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1871, Harrison Weir ṣètò ìdíje ológbò ńlá kan ní Crystal Palace, ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Adájọ́ kì í kàn mú èyí tó wù ú. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bíi Persian àti Siamese, ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tí a kọ sílẹ̀: orí, etí, ojú, irun àti ìrù, àròpọ̀ máàkì sì jẹ́ 100. Ìwé ìran ló ń sọ bàbá, ìyá àti àwọn òbí àgbà ológbò náà, pẹ̀lú àwọ̀ wọn. A lè pè é ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ojú wa rí
Ní Old GRA, ní Maiduguri, níbi tí a dàgbà sí, bàbá wa ra ológbò funfun kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò nílùú. Irun rẹ̀ gùn, ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ búlúù. Wọ́n ní Persian ni, ṣùgbọ́n kò ní ìwé. 'Mage' ni àwọn aládùúgbò wa ń pè é, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí ẹwà rẹ̀, a wá akọ funfun tó jọ ọ́. Ó bí mẹ́rin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọ náà sùn sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí bàbá wa ṣíná sí i, mẹ́ta sáré jáde. Ìkẹrin kò mira, torí kò gbọ́. Ìdí igi dongoyaro la sin ín sí.

Dókítà ẹran ló là wá lóye lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ológbò funfun ẹlẹ́yinjú búlúù ni adití láti kékeré, ohun àjogúnbá sì ni. Funfun tún máa ń bo àwọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀, nítorí náà ojú lásán kò lè mọ ohun tí ẹran náà gbé pamọ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe
1. Ẹ béèrè ìwé ìran akọ àti abo kí wọ́n tó gun ara wọn.
2. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ológbò funfun níbi tí kò ti lè rí yín. Bí kò bá yíjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Adití lè gbé inú ilé ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe irú.
3. Ẹ jẹ́ kí abo pé ọdún kan kó tó gboyún. Oyún rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 65. Ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12.
4. Imú Persian pẹlẹbẹ, kì í lè mí dáadáa nínú ooru. Ní Maiduguri, níbi tí ooru ti ń kọjá 40°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibòòji àti omi tútù di dandan.

Kí àwọn àgbà wa tó fọmọ fọ́kọ, wọn a wádìí ìdílé: ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ẹwà ìyàwó kò ní kí wọ́n má wádìí. Àwa kò wádìí ti ológbò wa, ọmọ rẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀. Kí ẹ̀yin má ṣe bẹ́ẹ̀ o.