Ológun Tó Ń Ṣe Bí Olè

Bí ẹ bá rí àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí wọ́n ń fi àkàsọ̀ olókùn gun ọkọ̀ ńlá kan lójú òkun Èkó, ẹ má tíì pariwo. Ó lè jẹ́ pé ìdánrawò ni. Ológun ni wọ́n, ológun ẹgbẹ́ wọn náà sì ni "olè" tí wọ́n fẹ́ lọ mú.

Ọ̀kan nínú irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ni Obangame Express. Inú èdè àwọn Fang ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú "Obangame". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìṣọ̀kan. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti àwọn mìíràn ń kópa. Brazil pàápàá máa ń wá láti òdìkejì òkun. Lọ́dún 2019, Èkó ni wọ́n ti ṣí i.

Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ tí a fura sí, tí a sì ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìbọn yíyìn kọ́ ni olórí ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni. Òkun kò ní ọgbà, olè kì í sì í gba físà. Ẹni tó jalè lójú omi Gánà láàárọ̀ lè ti wọ omi Tógò kó tó di alẹ́, ọkọ̀ ogun Gánà kò sì gbọdọ̀ lé e wọbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ta ni kí wọ́n pè? Èdè wo ni wọ́n máa sọ, nígbà tí Tógò ń sọ Faransé, tí Gánà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì? Ọjọ́ ìjà kọ́ là ń kọ́ ìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016. Àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ agbépo kan, Maximus, létí Abidjan. Wọ́n pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ Elvis-3 síbẹ̀, wọ́n sì forí lé ìlà oòrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè kan ń ta èkejì lólobó. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé omi São Tomé, ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda. Àwọn ológun wa wọ inú ọkọ̀, wọ́n mú olè mẹ́fà, ọ̀kan kú, wọ́n sì gba atukọ̀ 18 sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò mọ́ tán o: kí wọ́n tó dé, àwọn kan nínú olè náà ti gbé atukọ̀ méjì sá lọ.